Ọmọ Owú ti Mobile: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìrántí Hank Aaron

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé agbábọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ṣé Yekini ni àbí Okocha?" Mo ní rárá o, ará Amẹ́ríkà ni, bésíbọ́ọ̀lù ló ń gbá. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ náà! Àwọn tó wà nílé kò tíì tán, o ti dé ìta." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Henry Louis Aaron ni orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Hank Aaron ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n bí i ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1934. Ó kú ní Atlanta ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 2021, lẹ́ni ọdún 86. Ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni "Hammer". Ẹni tó bá yára túmọ̀ rẹ̀ yóò ní òòlù ni. Òòlù kò burú, ṣùgbọ́n òòlù káfíńtà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi ń kan ìṣó. Èmi yóò pè é ní ọmọ owú. Ẹ̀yin ará Òwu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Owú inú àgbẹ̀dẹ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé ìlù kan ṣoṣo, bó ti wù kó rinlẹ̀ tó, kò lè sọ irin di ọkọ́. Alágbẹ̀dẹ á lù ú, á yí i padà, á tì í bọ iná, á tún lù ú, ìró kan náà, ìwọ̀n kan náà, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ọkùnrin yìí ṣe fi ọdún 23 gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ kí a bá a yẹ̀ wò gan-an nìyẹn. Àwọn ènìyàn ti sọ alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo di gbogbo ayé rẹ̀. A ó dé alẹ́ náà, ṣùgbọ́n a kò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí n fi eré náà hàn yín ná. Pápá bésíbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ níbi tóóró, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ibùdó mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 90 ló wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ẹnì kan dúró láàrin, òun ni ajubọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn dúró ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní ilé, ó mú igi gbọọrọ kan dání. Ẹ jẹ́ ká pe òun ní onígi. Ajubọ́ọ̀lù á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí ẹyìn gbígbẹ, eré rẹ̀ sì lè ju máìlì 90 lọ ní wákàtí kan. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù ti dé. Láàrin ìgbà tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, onígi gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun á gbá a tàbí òun á fi í sílẹ̀ kó kọjá. Bó bá gbá a síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i hán, á sáré lọ sí ibùdó kìíní, tàbí ìkejì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe yá tó. Ṣùgbọ́n bó bá gbá a tí bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri pápá, eré sísá ti tán: á rọra yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká bí ọkọ ìyàwó tó ń wọ gbọ̀ngàn, á sì padà sílé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hóòmù-rọ́ọ̀nù. Eré náà le débi pé onígi tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, akọni ni. Ìgbà méje tó kù, ó kùnà lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mobile. Ìlú etí omi ni. Ní oṣù Keje 1860, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ wọn, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda yọ́ wọ ibẹ̀ lóru, ó kó nǹkan bí ènìyàn 110 tí wọ́n rà ní Ouidah, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí òkú rẹ̀ nínú omi. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó tọpa ọ̀rọ̀ wọn sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ló jẹ́ pé èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí òmìnira dé, wọn kò rówó ọkọ̀ padà wálé. Wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, orúkọ tí ibẹ̀ ń jẹ́ títí di òní sì ni Africatown. Ẹni tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún. Agbègbè Bantè ló ti wá. Ó kú ní oṣù Keje 1935. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni Hank Aaron lọ́jọ́ tí bàbá yẹn kú, ibi tí wọ́n ń gbé kò sì jìnnà síra.

Mi ò sọ pé ọmọ Yorùbá ni Aaron o. Àwọn òbí rẹ̀, Herbert àti Estella, láti ìgbèríko Alabama ni wọ́n ti wá sí Mobile. A máa ń yára sọ gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá lókìkí di ọmọ Odùduwà, mo sì rò pé ìwà yẹn kò bu iyì kún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ Odùduwà fúnra rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni irú ilẹ̀ tó hù ú. Ní Africatown gan-an ni Cleon Jones dàgbà sí, òun ló sì hán bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn nígbà tí ẹgbẹ́ New York Mets gba ife World Series ní 1969. Satchel Paige, Willie McCovey, Billy Williams, Ozzie Smith: Mobile àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti bí gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí tó wà ní Cooperstown. Mélòó ni ìlú tó lè ka irú orúkọ báwọ̀nyí lórí ìka?

Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá Aaron ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n, Henry ni ìkẹta. Bàbá náà ra ilẹ̀ ní àdúgbò Toulminville, ó fi pákó àlòkù kọ́lé síbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Owó tí wọn ì bá fi ra bọ́ọ̀lù kò sí pẹ̀lú, nítorí náà ìdérí ìgò ni ọmọ náà ń jù sókè, ó ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá délé. Ìdérí ìgò kì í fò tààrà. Ó ń yí, ó ń yà, afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri. Ọmọ tó bá lè fi igi tín-ínrín bá ìdérí ìgò pàdé lójú afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀lù á dà bí àgbọn lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, nítorí náà ó di igi mú sódì: ọwọ́ òsì lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbá a títí ó fi di ẹni tó ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀, kí wọ́n tó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tó ti rí ẹni tó ń fi ọkọ́ roko sódì mọ̀ pé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń le.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà kan pé òun fẹ́ wa ọkọ̀ òfurufú. Bàbá ní kò sí aláwọ̀ dúdú tó ń wà á. Ó ní ó dáa, òun á gbá bésíbọ́ọ̀lù. Bàbá ní kò sí aláwọ̀ dúdú nínú ìyẹn náà. Òótọ́ ni bàbá sọ, kì í ṣe pé ó fẹ́ gba ìrètí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: láti ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ti aláwọ̀ dúdú mọ́ta, tí wọ́n sì ń gbá tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1947, Jackie Robinson jáde fún Brooklyn Dodgers, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Robinson wá sí Mobile, ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Henry sá kúrò ní iléèwé lọ gbọ́ ọ. Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí, ẹ má fi èyí ṣe àwáwí.

Ní 1952, ọmọ ọdún 18 náà wọ ọkọ̀ ojú irin, dọ́là méjì wà lápò rẹ̀, ó lọ bá ẹgbẹ́ Indianapolis Clowns nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Washington tó sọ fún ayé nígbà tó dàgbà, èmi kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kà á. Òjò dá eré wọn dúró, wọ́n lọ jẹun àárọ̀ ní ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn pápá. Wọ́n gbà wọ́n láàyè, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n gbowó wọn. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, wọ́n ń gbọ́ ìró láti inú ilé ìdáná: wọ́n ń fọ́ gbogbo abọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi jẹun. Aaron ní, bó bá jẹ́ ajá ló jẹun nínú abọ́ wọ̀nyẹn, wọn ì bá fọ̀ wọ́n ni. Nílẹ̀ wa níbí a mọ ohun tí oúnjẹ jẹ́ láàrin ẹni méjì. Ẹni tó bá fọ́ abọ́ àlejò lẹ́yìn tó gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, èébú wo ló kù tí kò tíì bú u?

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ ńlá méjì fi ń wá a, Braves àti Giants. Dọ́là 50 lórí owó oṣù ni àwọn Braves fi borí. Willie Mays ti wà ní Giants nígbà náà. Aaron máa ń fi ṣe àwàdà pé dọ́là 50 yẹn ni kò jẹ́ kí òun àti Mays jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ wo bí owó tí kò tó nǹkan ṣe ń darí ìtàn. Wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sí Eau Claire ní Wisconsin, lẹ́yìn náà sí Jacksonville ní 1953, níbi tí òun àti àwọn díẹ̀ kan ti di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì gúúsù kan tí kò gba irú wọn rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun á wọ ilé oúnjẹ, á jókòó. Òun á dúró sínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n gbé tirẹ̀ wá bá a. Wọ́n á sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Òun á sùn nílé aláwọ̀ dúdú kan tó yọ̀ǹda yàrá. Nígbà tí sáà parí, òun ni wọ́n mú pé ó dára jù nínú gbogbo líìgì náà. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ ní yẹ̀yẹ́ pé gbogbo nǹkan ni Aaron fi ṣíwájú, àfi ibi sísùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kan.

Ní oṣù Kẹta 1954, agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Bobby Thomson kán ní ọrùn ẹsẹ̀ nígbà ìgbáradì. Àyè rẹ̀ ṣófo, wọ́n ní kí ọmọ ogún ọdún yìí lọ dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ọdún 23 ló fi gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà. Milwaukee ni àwọn Braves fi ṣe ilé nígbà náà. Ní 1957 òun ni wọ́n dìbò yàn pé ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nínú líìgì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, nígbà tí eré ti kọjá àkókò rẹ̀ wọ ìpele kọkànlá, ó gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù tó fi ife líìgì lé wọn lọ́wọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun sì gbé e lé èjìká kúrò lórí pápá. Lọ́jọ́ kan náà, ní Little Rock, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun yí iléèwé kan ká nítorí pé ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án wọlé kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ náà jáde. Ìròyìn méjèèjì jọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Amẹ́ríkà nìyẹn: wọ́n gbé ọ̀kan lé èjìká, wọ́n lé mẹ́sàn-án jáde, láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà àwọn Braves na Yankees, ìjọba ńlá ti New York, eré 4 sí 3, nínú World Series, hóòmù-rọ́ọ̀nù mẹ́ta ni Aaron sì gbá níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń pè é ní ọmọ owú la dé yìí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan wà tó máa ń gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù 50 tàbí 60 nínú sáà kan, orúkọ wọn á gba ìlú kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ẹ ò ní gbúròó wọn mọ́. Aaron kò gbá 50 rí. Èyí tó pọ̀ jù tó gbá nínú sáà kan ni 47, ó sì ti pé ọmọ ọdún 37 nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbá 44, bẹ́ẹ̀ 44 náà ni nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Kì í pariwo. Kì í jó lórí pápá. Ó máa ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ìdí iṣẹ́ débi tí àwọn kan fi rò pé oorun ń kùn ún. Agbára rẹ̀ wà nínú ọrùn ọwọ́: ó lè dúró kí bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán kó tó na igi sí i. Nígbà tó fi eré sílẹ̀ ní 1976, hóòmù-rọ́ọ̀nù 755 ló wà lórúkọ rẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Bọ́ọ̀lù tó gbá tó fi dé ibùdó ní gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ 3,771. Yọ 755 níbẹ̀, ó ku 3,016. Agbábọ́ọ̀lù tó bá dé 3,000 láìka ohun mìíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n nínú ìtàn eré náà. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ pé Hank Aaron kò gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù kan ṣoṣo láyé, a ṣì máa jókòó síbí sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn tún wà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ju 755 lọ: tí a bá ka gbogbo ibùdó tí bọ́ọ̀lù tó gbá gbé e dé, 6,856 ni, kò sì tíì sí ẹni tó dé ibẹ̀. Mo jókòó, mo sọ ọ́ di ìrìn. Ẹsẹ̀ bàtà 90 lọ́nà 6,856 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 190. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín láti Èkó á gba Ìbàdàn kọjá, á ṣì máa lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 90, ẹsẹ̀ bàtà 90, fún ọdún 23.

Àbúrò rẹ̀, Tommie, náà gbá bésíbọ́ọ̀lù fún Braves. Kò sí ọmọ ìyá méjì tí àpapọ̀ hóòmù-rọ́ọ̀nù wọn tó tiwọn: 768. Tommie gbá 13 níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dáwó ẹbí rí mọ irú ìṣirò yìí.

Lẹ́yìn tó fi pápá sílẹ̀, àwọn Braves fi í ṣe olórí ẹ̀ka tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà. Ìwọ̀nba aláwọ̀ dúdú ló wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú eré náà nígbà yẹn, kò sì yé é sọ pé kò tó. Ní 1982 wọ́n mú un wọ Cooperstown, ìbò 406 nínú 415. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn mẹ́sàn-án tó kù sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Billye, dá àjọ kan sílẹ̀ láti ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ní 2002 ààrẹ George W. Bush fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù tí Amẹ́ríkà ń fún ará ìlú. Ní oṣù Kẹjọ 2007, agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Barry Bonds gbá hóòmù-rọ́ọ̀nù tó kọjá 755 tirẹ̀, nígbà tí àríwísí oògùn agbára gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Aaron kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ka ọ̀rọ̀ ìkíni sínú fídíò, wọ́n gbé e sójú ẹ̀rọ ńlá inú pápá. Àwọn kan rò pé ó yẹ kó dákẹ́. Èmi rò pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe kí òun nígbà tirẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2021, ó na apá rẹ̀ ní gbangba, ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń bẹ̀rù rẹ̀ lè rí i. Ó kú lójú oorun ní ọjọ́ 17 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn alásọtúnsọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ikú mọ́ abẹ́rẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ òkú wò níbẹ̀ sọ pé ikú àìsàn lásán ni. Ẹ̀yin tó gba ọ̀rọ̀ àwọn alásọtúnsọ yẹn lórí WhatsApp lọ́dún náà, mo rò pé ẹ ti pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ohun tí a fi sílẹ̀. Babe Ruth, aláwọ̀ funfun, ló ni hóòmù-rọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù, 714, láti 1935. Òrìṣà ni Ruth jẹ́ fún wọn. Braves ti kó lọ sí Atlanta ní 1966, sí gúúsù tí Aaron kò fẹ́ padà sí. Bó ṣe ń sún mọ́ 714 ní 1973 ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Nǹkan bí lẹ́tà 930,000 ló gbà lọ́dún náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú, kí a sọ òtítọ́: nígbà tí ìròyìn tàn pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀wé láti gbé e ró. Ṣùgbọ́n àwọn tó burú burú gan-an. Orúkọ burúkú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlérí ìbọn ló fi ń parí. Nínú èdè wa, ohùn kan náà ni a fi ń pe owú inú àgbẹ̀dẹ àti owú tí ènìyàn ń jẹ. Mi ò mọ èdè mìíràn tó lè sọ ìtàn ọdún yẹn ní ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á jí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ní yunifásítì Fisk. Ọlọ́pàá kan, Calvin Wardlaw, di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó ń gbé ìbọn kiri nínú àpò awò ìwòjìnnà. Aaron ń fi orúkọ ẹlòmíràn gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó kìlọ̀ fún Dusty Baker àti Ralph Garr, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n, pé kí wọ́n má jókòó sún mọ́ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí ìbọn bá dún. Ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Atlanta, wọ́n ti kọ ìròyìn ikú rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Sáà 1973 parí, ó ti gbá 713. Ẹyọ kan péré ló kù. Ó ní láti dúró di oṣù Kẹrin. Ẹ ronú nípa ìgbà òtútù yẹn: oṣù mẹ́fà, ẹyọ kan, àti àpò lẹ́tà lójoojúmọ́. Ó tọ́jú lẹ́tà wọ̀nyẹn, kò jù wọ́n nù títí ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1974, ní Cincinnati, igi àkọ́kọ́ tó nà fún sáà tuntun, 714. Ọjọ́ tí wọ́n pa Martin Luther King ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ni ọjọ́ náà bọ́ sí, Aaron sì ti bẹ̀bẹ̀ pé kí gbogbo pápá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti fi rántí rẹ̀. Wọ́n kọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni alẹ́ tí mo ní a ó dé. Atlanta, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin. Ènìyàn 53,775 ló wà ní pápá. Jimmy Carter, tó jẹ́ gómìnà Georgia, wà níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso gbogbo bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà kò wá, aṣojú ló rán. Ajubọ́ọ̀lù tó dojú kọ Aaron, Al Downing ti ẹgbẹ́ Dodgers, aláwọ̀ dúdú ni òun náà, 44 náà ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀wù tirẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, kò ju èyí tó ṣeé gbá sí i. Ní ìpele kẹrin, nígbà tí agogo kọjá mẹ́sàn-án díẹ̀, ó ju ọ̀kan sílẹ̀ jù. Èyí tó tẹ̀ lé e, Aaron na ọwọ́ sí i. Kò tíì na igi kankan láti ìrọ̀lẹ́. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó gba òsì lọ, ó kọjá ògiri, ajubọ́ọ̀lù Braves kan tó ń jẹ́ Tom House hán an níbi tí wọ́n ti ń gbára dì. 715.

Aaron ń yí ibùdó ká, orí rẹ̀ wálẹ̀, kò yára, kò fa ẹsẹ̀. Bó ṣe kọjá ibùdó kejì, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun méjì fo ọgbà wọlé, wọ́n sáré bá a. Wardlaw wà lórí ìjókòó rẹ̀ láàrin èrò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò awò, ó sì ní láti pinnu ní kíá. Kò yọ ìbọn. Àwọn ọmọ náà kàn gbá a léjìká, wọ́n bá a yọ̀, wọ́n sá lọ. Nígbà tó dé ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró yí ibẹ̀ ká, ìyá rẹ̀ sì ti la àárín wọn kọjá. Estella Aaron so mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, kò fẹ́ tú ọwọ́. Aaron sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ pé ìyá òun lè gbá ènìyàn mọ́ra le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n rò pé ayọ̀ ni. Ìyá náà ti rò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yìnbọn lu ọmọ òun, ara òun ni ọta á kọ́kọ́ bà.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn èrò kúrò lórí pápá kí wọ́n lè máa bá eré lọ, torí ìpele kẹrin ni wọ́n ṣì wà. Àwọn Braves ló borí, 7 sí 4.